Bẹ̀llò Fàsásì Dìbò fún Ogun

Bẹ̀llò Fàsásì, oníṣòwò obì ní Sábó, kì í ra apẹ̀rẹ̀ obì kan láì tú u palẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé káńsù ní Ṣàgámù, níbi tó ti jẹ́ káńsẹ́lọ̀, kì í yẹ nǹkan kan wò mọ́ àfi fìlà alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Bí Olóyè Akínbọ́lá bá ṣí fìlà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á nawọ́ sókè. Bí fìlà bá wà lórí, ọwọ́ á wà nílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dìbò sí ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ọ̀rọ̀ ọjà, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọlọ́gbọ́n ìlú. Kò kúkú burú, gọ́tà kì í pa èèyàn lójú ogun.

Ní ọdún 1981, àwọn ará Kamẹrúùnù pa àwọn ṣọ́jà wa kan ní ẹnubodè. Ẹni tí kò gbé ìbọn rí wá di jagunjagun lójijì. Káńsù tí kò tíì rí kòtò ojú ọ̀nà Makun dí náà fẹ́ dìbò pé kí ìjọba lọ jagun. Bẹ́ẹ̀ Fàtáì, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bẹ̀llò bí, ṣọ́jà ni, Kàlàbá, nítòsí ẹnubodè náà, ló sì wà. Sàdíátù, ìyá ọmọ náà, kò rí oorun sùn. Inú Bẹ̀llò dùn nígbà tí ẹgbẹ́ ṣèpàdé tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ogun.

"Fọkàn balẹ̀, ìyá Fàtáì," ló wí. "Ohun tí ẹgbẹ́ bá wí lèmi náà wí."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ dá wí rí.

Ooru mú lọ́jọ́ ìbò. Akọ̀wé ní kí àwọn tó fẹ́ ogun nawọ́ sókè. Alága ṣí fìlà, ó fi nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Ni ọwọ́ bá lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ti Bẹ̀llò ló sì ga jù. Kò sẹ́ni tó lè sọ tirẹ̀ kalẹ̀ mọ́, nítorí ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé fìlà lòun ń wò. Bí àwọn èèyàn wa ṣe kéde ogun nìyẹn.

A dúpẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ní Èkó kò gbọ́ tiwa, ogun kò sì jà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dé etí Fàtáì ní bárékè. Láti ìgbà náà, bó bá gba ìsinmi wálé, ilé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Makun ló ń sùn sí. Á kí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì kọjá lọ. Ó dun Bẹ̀llò wọ egungun.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba tí ìṣèlú sì parí, Bẹ̀llò fìbínú lọ bá Akínbọ́lá nílé.

"Olóyè, ẹ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí ẹ ṣí fìlà?"

"Òógùn ni mò ń nù," ni Akínbọ́lá dáhùn. "Nígbà tí mo rí ọwọ́ yín, àyà mi já, ojú sì tì mí láti sọ̀rọ̀. Ìwọ ni mo wá ń wò, Bẹ̀llò. Mo ní ìwọ tí ọmọ rẹ wà níbẹ̀, wàá sọ ọwọ́ tìrẹ kalẹ̀, kí àwa yòókù lè rí ẹni tẹ̀ lé."

Bẹ̀llò jókòó tì í.

"Èmi náà, Olóyè," ló wí, "ẹ̀yin ni mò ń wò."