Àrán Tí Ọ̀gá Mi Gé

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n gbàgbé ohun tí ọ̀gá mi fojú ìyá mi rí, mo máa ń bi í bóyá ìyá tirẹ̀ ni. Mo ti darúgbó. Orúnkún ń dùn mí, n kò sì lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láìlo awò ojú. Ṣùgbọ́n bí inú ṣe bí mi sí obìnrin yẹn náà ló ṣì wà títí dòní. Aṣọ ló ń ṣá, inú mi kì í ṣe aṣọ.

Igbodigo ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń dá oko ẹ̀gẹ́, ìyá mi ń ṣe epo. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, ìyá mi ní n kò ní wọ inú ẹkù, ibi tí wọ́n ti ń fún epo, kí n máa gún ẹyìn bíi tòun. Ó ní iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe ni òun fẹ́ fún mi, ó sì mú mi lọ sí Okitipupa lọ kọ́ aṣọ rírán.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nígbà náà yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni aṣọ rírán tẹ́lẹ̀. Télọ̀ á gbé máṣíìnì rẹ̀ sí abẹ́ ìloro, á rán ṣòkòtò ọkọ, á sì rán bùbá ìyàwó. Tó bá ń wọn ìyàwó, òkèèrè ni yóò ti na téèpù bí ẹni tó ń wọn pákó, torí ọkọ ń wò ó. Àwọn ìyá wa àgbà kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ìró méjì ti tó wọn, wọ́n á ró ọ̀kan mọ́ ìdí, wọ́n á ró ìkejì mọ́ àyà. Ìgbà tí ìyàwó tíṣà àti ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba dé láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń béèrè gáùnù tó mú ìbàdí, ni àwọn obìnrin wa tó kọ́ṣẹ́ l'Ékòó wá rí ìdí láti padà wálé. Ọ̀gá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé.

Ọmọ Ìkọ̀yà nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí o bá fi Ìkálẹ̀ kí i, èdè Èkó ni yóò fi dá ọ lóhùn, á sì tún wò ọ́ láti òkè délẹ̀. Ó mọ aṣọ gé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Tí gáùnù bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò ní ìbàdí á ní in. Ohun tí mo bá a jà lé lórí kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Ahun ni. Ó ń kọ́ni ní títẹ́ etí aṣọ, ó ń kọ́ni ní gbígbá bọ́tìnnì, ó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú kí eérú má bàa bọ́ sórí léèsì. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ gé aṣọ báyìí, yóò lé gbogbo wa síta, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ti fèrèsé, yóò sì tan àtùpà lọ́sàn-án gangan. Ó ní ojú tó bá ti rí gígé ti di ojú ọ̀gá.

Àwọn aṣọ kan wà tó ń yọ̀, tí ẹnì kan kò lè nìkan gé. Tó bá kan irú wọn, yóò pe ọ̀kan nínú wa wọlé láti bá a di etí rẹ̀ mú. Òfin ibẹ̀ ni pé bí àlùmọ́gàjí bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu wa kò gbọdọ̀ là. Ọmọ ìlú Àjàgbà kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ bi í rí pé kí ló dé tí ọrùn aṣọ fi máa ń jìn níwájú ju ẹ̀yìn lọ. Ó gbá ọmọ náà létí, ó sì ní kó lọ kúnlẹ̀ sí ojú títì kí àwọn tó ń re ọjà lè bá òun dá a lóhùn.

Èmi kò béèrè. Títú ni mo fi kọ́ gígé. Tí àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ bá sanra, tí wọ́n gbé gáùnù wá pé kí a bá wọn tú u sílẹ̀, èmi ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún mi tú. Màá tẹ́ apá, ọrùn àti ìbàdí rẹ̀ sórí bébà sìmẹ́ńtì, màá fi èédú fa ìlà yí wọn ká, màá sì tún aṣọ náà so pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tó ń ṣe nínú yàrá tó ń tì mọ́rí.

Nígbà tí àkókò mi pé, ọ̀gá mi kò dárúkọ fírídọ̀mù, ìyọ̀ǹda tí wọ́n fi ń tú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti yá lórí máṣíìnì nígbà náà, iṣẹ́ mi ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù ró, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi dúró títí, lẹ́yìn náà ó múra ó wá gbà mí. Ìbọn ogun abẹ́lé ní Òrè ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà láti inú oko tí wọ́n sá sí. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ru ẹrù fírídọ̀mù wá láti Igbodigo: garawa epo, iṣu, obì, orógbó, mínírà àti àkùkọ tó ti ń pa ariwo láti ọ̀nà wá.

Ìyá mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mádáàmù. A wá gba ọma wa."

Ọ̀gá mi kò dìde. Kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó ní, "Ọmọ yín kò tíì mọ aṣọ gé. Ta ni yóò gbé aṣọ fún aránṣọ tí kò mọ̀ ọ́n gé?"

Ìyá mi, tó jù ú lọ dáadáa, kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí àkísà kún. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn oníbàárà jókòó, wọ́n ń wò. Ọ̀gá mi ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá oko, ẹ gbé epo yín kúrò níbẹ̀, kó má ba aṣọ àwọn èèyàn jẹ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn títí dòní.

Ìyá mi tún ru ẹrù rẹ̀. Mo sìn ín dé ojú ọ̀nà, mò ń sunkún. Ó ní, "Ọma mi, padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọghọ́ ẹ ni mo fẹ́, éè ṣe ẹkún ẹ." Ọwọ́ mi ló ń fẹ́, kì í ṣe ẹkún mi. Mo nu ojú mi, mo padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ibi tí màá gbà mú obìnrin náà. Mò ń kí i láràárọ̀, mò ń kúnlẹ̀, mò ń gbọ̀n eérú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ nù, mo sì ń wá a.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá fún mi. Ẹgbẹ́ aránṣọ obìnrin fi í ṣe olórí, wọ́n sì dá ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní gáùnù tí òun yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ irú rẹ̀ rí ní Okitipupa. Ó lọ sọ́dọ̀ Àáfà kan tó ń ta aṣọ lọ́jà, ó ra àrán pupa fòò. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ wa, àrán kì í ṣe aṣọ tí à ń gé. Ìró ni. Ọwọ́ àwọn Ìjọ́ tó ń gba orí omi wá ni àwọn ìyá àgbà ti ń rà á, wọ́n á ró o lódidi, wọ́n á sì ká a padà sínú àpótí. Ẹni tí kò gé e rí kò ní mọ̀ pé irun ara rẹ̀ ń dojú kọ ibì kan. Èmi mọ̀, torí èmi ni mo máa ń bá ìyá ìyá mi ká tirẹ̀. Tí o bá fọwọ́ pa á sísàlẹ̀, á máa dán. Tí o bá pa á sókè, á ṣókùnkùn bí ìdí ìkòkò.

Ó pè mí wọlé láti bá a di àrán náà mú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó tan àtùpà. Ara rẹ̀ tóbi, aṣọ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tó, ló bá dorí apá òsì gáùnù náà kodò kó lè rí i mú. Ká ní àǹkárá ni, ọgbọ́n ni ìyẹn. Mo rí i. Àlùmọ́gàjí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ni òfin.

"Di í mú dáadáa," ló sọ fún mi.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, mà."

Èmi náà ni mo rán an. N kò ránṣọ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kò sí ojú rírán kan tó wọ́, kò sí etí kan tó yẹ̀, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ lọ́la pé rírán ló bà á jẹ́. Inú yàrá náà ló ti wọ̀ ọ́ wò lábẹ́ àtùpà. Ó yípo, ó ní mo mọ máṣíìnì wà. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, oòrùn mú. Nígbà tó jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì sí ìta gbangba, apá ọ̀tún rẹ̀ ń tàn bí epo tuntun, apá òsì dúdú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi ìdajì obìnrin méjì so pọ̀. Gbogbo aránṣọ Okitipupa ló wà níbẹ̀, ojú wọn sì mọ aṣọ. Mo dúró láàárín àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, inú mi ń dùn.

Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí kó tó kan ọ̀gá mi ló sún mọ́ ọn. Ó bi í pé kí ló ṣe aṣọ rẹ̀. Ọ̀gá mi wo ara rẹ̀ nínú oòrùn, ìgbà náà ló tó rí i. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ bá mi.

Ó ní, "Ọmọ Igbodigo yẹn ni. Mo fún un gé ni, ó bà á jẹ́."

Ìyá àgbà pè mí. Ó ní, "Ọma mi, ṣé ìwọ lo gé e?"

Tí mo bá ní èmi kọ́, mo ti pe ọ̀gá mi ní òpùrọ́ níwájú ẹgbẹ́, kò sì ní yọ̀ǹda mi títí ayé. Tí mo bá ní èmi ni, mo ti fi ẹnu ara mi ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni, mà," ni mo wí. "Bí Mádáàmù ṣe kọ́ mi ni mo ṣe gé e."

Ìyá àgbà yíjú sí ọ̀gá mi. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ yìí lo ní kò mọ aṣọ gé, tí o fi dá ìyá rẹ̀ padà tòun tẹrù? Ẹni tí o fún ní àrán ara rẹ gé, kí ló kù tí o fẹ́ kọ́ ọ?" Ọ̀nà méjì péré ló kù fún ọ̀gá mi: kó jẹ́wọ́ pé òun ló gé ìgékúgé, tàbí kó gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n gé. Ìyá àgbà ní kó yọ̀ǹda mi lọ́jọ́ Sátidé, àti pé ìyá mi kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun wá.

Ìyá mi wá lọ́wọ́ òfo, ó ń ju apá. Wọ́n gbé e jókòó síwájú. Ní ìyọ̀ǹda wa, kí ọ̀gá tó na àlùmọ́gàjí sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí níwájú gbogbo èèyàn. Ọ̀gá mi mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó wolẹ̀, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni mo ti kọ́ ọmọ yìí."

Àwọn aránṣọ wo ara wọn. Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, torí wọn ò tíì gbàgbé gáùnù yẹn. Ó na àlùmọ́gàjí sí mi, n kò gbà á.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mádáàmù, ẹ bá mi tún un sọ sókè. Ìyá mi kò gbọ́."

Kò sí ohun tó ṣe etí ìyá mi. Ọ̀gá mi wò ó, bóyá yóò sọ pé òun gbọ́. Ìyá mi fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó sì na ọrùn síwájú. Ọ̀gá mi tún un sọ.