Ẹyin Orí Ẹní

Bí mo bá gbọ́ tí adìẹ ń ké lẹ́yìn tó yé tán, ẹní ìyá mi ní Ogbooro ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo ṣì kéré nígbà náà. Ogbe adìẹ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni, ó ti fẹ́ máa yé, àwọn àgbébọ̀ sì ń lé e kúrò nínú agbọ̀n tí wọ́n ń yé sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kọ́kọ́ yé, mo fẹ́ mú ẹyin náà.

"Fi í sílẹ̀," ni màámi wí láti orí ẹní àìsàn. "Bí kò bá bá ẹyin níbẹ̀, kò ní padà wá."

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi ọ̀kadà gbé màámi lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Ẹyin náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo gbé e sórí ẹní wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà wá ká ẹní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a! Màámi ò ní padà wá mọ́."

Ìyá àgbà tún ẹní náà tẹ́, wọ́n sì rọra gbé ẹyin padà sórí rẹ̀.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìròyìn ikú màámi ti dé kí ìyá àgbà tó wọlé wá ká ẹní.