Omi Kún Lọ́jọ́ Náà

Ọdún kẹrin rèé tí a jókòó sórí àwọ̀n níwájú ọ́fíìsì wa ní Wharf Road. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, mo gbọ́ pé ẹ ń pè mí ní akọni. N kì í ṣe akọni. Èmi gan-an ni mo kọ irọ́ tí ìjà yẹn dá lé lórí.

Káṣúà, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ni mí nígbà náà, mi ò parí sẹ́kọ́ńdírì. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba wa ni láti máa ṣọ́ àwọn tánkì epo etí omi, kí epo má baà ba ẹja jẹ́. Èmi àti Friday la máa ń wa ọkọ̀ lọ bu omi sínú ìgò fún àyẹ̀wò. Òfin ni pé ìgbà tí omi bá fà la gbọ́dọ̀ bu ú, torí bí ó bá kún, omi òkun á ti wọlé, á ti gbá ẹ̀gbin lọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá fà, ẹrẹ̀ á gbé ọkọ̀ wa. À á sọ̀ kalẹ̀, à á máa tì í, ẹrẹ̀ á dé itan.

Nígbà tí àwọn apẹja ẹ̀yìn Ajégúnlẹ̀ fẹjọ́ sùn pé òórùn epo wà lára ẹja wọn, ìgbà tí omi kún dẹ́nu la lọ. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé omi fà. Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Ẹrẹ̀ ni mo sá fún.

Àbájáde dé: omi mọ́ tónítóní. Ọ́fíìsì kọ̀wé pé irọ́ ni àwọn apẹja ń pa. Oṣù márùn-ún ni àwọn ìyàwó wọn fi ta ẹja ní ọjà Boundary tí àwọn èèyàn ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn: "Ẹja onírọ́ ti dé o!" Mo ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò la ẹnu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kó àwọ̀n wá, wọ́n fi dí géètì wa. Ọ̀gá pè mí. "Ìwọ ọmọ Ajégúnlẹ̀, lọ ka àbájáde yìí fún wọn kí wọ́n máa lọ."

Mo kà á. Bàbá Sewanu, àgbà apẹja tó ṣáájú wọn, gbọ́ mi dópin.

"O káre, ọmọ mi. Aago mélòó lẹ bu omi ọ̀hún?"

"Aago kan ọ̀sán, bàbá. Omi ti fà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Mo rí yín lọ́jọ́ yẹn. Òpó tí mo ń so ọkọ̀ mọ́ ti rì tán. Àbí inú ìgò yín lomi ti fà?"

Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀! Ìjọba ló ni omi, òun ló mọ ìgbà tó kún!"

Mo wo fèrèsé ọ̀gá. Oṣù tó ń bọ̀ ni kọ́ńtráàtì mi máa parí, ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Omi kún lọ́jọ́ náà," mo ní. "Èmi ni mo kọ irọ́. Ẹ̀yin ò purọ́."

Ọ̀gá lọgun láti òkè: "Wọlé kíá!" Mo jókòó sórí àwọ̀n.

Géètì ṣí. Friday ni. "Shift, my guy. Na two of us carry that bottle." Àwọn káṣúà yòókù tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni màmá tó ń tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá, tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ká ìró sókè. "Ẹ sún fún mi jàre, orúnkún ń dùn mí." Títí dòní, orí mi máa ń wú bí mo bá rántí ohùn yẹn.

Lọ́jọ́ kẹta tí a ti wà lórí àwọ̀n, ọ́fíìsì gbà pé ká tún omi bù, àti pé láti ìgbà náà lọ, apẹja kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kó tẹ̀ka sí àkókò tí a bu omi. Bàbá Sewanu bá wa ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé ó fà tó báyìí?" Epo hàn kedere nínú ìgò. Wọ́n dí páìpù tánkì tó ń jò.

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Tiwa tà.

Wọn ò tún kọ́ńtráàtì mi ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, ní Warehouse Road, ni mo wà báyìí, mi ò kábàámọ̀ ìyẹn. Oṣù márùn-ún yẹn ló ń dùn mí. Ìwé tó pe àwọn apẹja ní òpùrọ́ ṣì wà nínú fáìlì, wọn ò tíì kọ òmíràn láti fagi lé e. Mo ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ bá mi béèrè rẹ̀ nípàdé yín.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ lọ bu omi, ẹ ká ṣòkòtò yín sókè.