Ọdún Tí Àpáta Bá Wa Gbe Àdúrà

Ọdún tí ọmọbìnrin mi fẹ́ wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà, àrá sán pa igi kan lórí òkè, nítòsí ibi tó ti ń ṣẹ́gi. Mo sáré gòkè nínú òjò. Abẹ́ àpáta ni mo bá a, tó ká jọ, rósárì lọ́wọ́, tó ń gbàdúrà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó gbà pé kò sí ohun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, wá bá mi. Ó ní òrìṣà òkè tí òun ń bọ ló dá ọmọ náà sí, òrìṣà ló sì ni ín. Kí a fá orí rẹ̀, kó wọ ilé òrìṣà. Ìyẹn ni pé ilé ìwé parí. Mo fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé Ọlọ́run tí ọmọ náà ń ké pè ló dá a sí. Kò bá mi jà. Ó kàn ní òun fẹ́ rí ẹni tí yóò bá mi kọ ebè.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Àáró ni a fi ń kọ ebè iṣu nílẹ̀ wa: gbogbo ọkùnrin agbo ilé á ṣe ti ẹnìkan tán, wọn á lọ sí ti ẹlòmíràn. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, gbogbo ìsinmi ni mo fi bá wọn ṣe tiwọn. Nígbà tó kàn mí, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Òjò sì ti ń lọ. Bí ilẹ̀ bá le, kò ní sí iṣu, ebi ni yóò sì bá Ìyá Àgbà gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi ní kí a ṣáà bọ́ sóko. Oko wa wà lọ́nà abúlé Tré, láàárín àpáta ńlá méjì. Níbi àáró, ẹnìkan ló máa ń lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Ọmọ mi wò yí ká.

“Bàbá, kò sẹ́ni tó máa lé orin. Ẹ jẹ́ kí n lé rósárì.”

Ó ń lé e, àwa méjèèjì ń gbè é: ebè kékeré fún Mo Kí Ọ Màríà, ebè ńlá fún Baba Wa. Mo ń yẹ tirẹ̀ wò. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n wọ́n tò gún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà já lù wá pẹ̀lú ọ̀pá. Láti oko ẹ̀pà rẹ̀ lẹ́yìn àpáta ló ti ń gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó rò pé àwọn aláàáró ti yọ́ wá, ó sì fẹ́ lé wọn padà. Ó wo ẹ̀yìn igi òrí kan, kò rí ẹnìkan.

“Àwọn yòókù dà?”

Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí i. “Àwa mẹ́ta náà ni, Ìyá Àgbà. Àpáta ló ń bá wa gbè é.”

“Àpáta wo? Lé e kí n gbọ́.”

Ó dìde, ó lé e ní òun nìkan. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Àpáta ọ̀tún gbè é, tòsì gbè é. Èmi tí mo lọ kọ̀lẹ́ẹ̀jì ti la ẹnu láti ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń padà. Ìyàwó mi fọwọ́ tọ́ mi, mo pa ẹnu dé.

Ìyá Àgbà jókòó sórí òkúta.

“Ẹ̀rù ò bà ọ́ lọ́jọ́ àrá yẹn?”

“Ó bà mí, mà. Mo ṣáà ń gbàdúrà lọ.”

Ìyá Àgbà gbójú sókè wo àpáta. “Láti ọjọ́ tí mo ti ń bẹ òkè yìí, kò dá mi lóhùn báyìí rí. Ẹni tó ń dá lóhùn, èmi kọ́ ni màá fá a lórí.” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó kọjú sí mi. “Tíṣà, ebè tìrẹ wọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aláàáró kún oko mi. Wọ́n fẹ́ tú àwọn ebè kékeré ọmọ mi kí wọ́n tún wọn kọ. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ mi padà sílé ìwé pẹ̀lú irun lórí. Nígbà tí a wa iṣu, iṣu inú ebè rẹ̀ kò tóbi. Èmi fúnra mi ni mo rù ú, iwájú ilé Ìyá Àgbà ni mo sì gbà kọjá.