Àwa Tí A Ń Tú Ilé

Ọkọ̀ ni a ń kàn tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀, ibùsùn ìyàwó tuntun, àga ṣọ́ọ̀ṣì, àti afárá pákó tí àwọn èèyàn ń gbà láti ilé kan dé èkejì nígbà tí omi bá kún. Kò sẹ́ni tó ń pè wá ní atúlé nígbà náà.

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́-igi ni wá, ní ìlú kékeré kan tó kọjú sí òkun ní ìhà Aráròmí. Ọ̀sán Sátidé ni a máa ń pàdé lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan tí kò jìnnà sí etí omi. Kì í ṣe gbogbo wa ni gbẹ́nàgbẹ́nà. Apẹja pọ̀ nínú wa. Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀gbẹ́ni kan sì wà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Èmi nìkan ni obìnrin. Agbẹ́kọ̀ ni bàbá mi títí tó fi kú, ayùn rẹ̀ ló sì kàn mí nínú ogún. Nígbà tí ọkọ mi ṣaláìsí ní Ọ̀rẹ̀, tí mo padà sílé, mo gbé ayùn náà lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ dúró lẹ́nu àtíbàbà wọn.

Alága wa wò mí, ó wo ayùn náà. Bàbá àgbà ni, orí rẹ̀ pá, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, wọlé. Ẹnu ayùn yìí ti kú, a ó kọ́kọ́ pọ́n ọn." Ohun tó sọ nìyẹn, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti di ara wọn.

Mo gbádùn àwọn Sátidé wọ̀nyẹn. Ẹni kan á máa fi òwú àti ọ̀dà dí ojú ihò ara ọkọ̀, ẹlòmíràn á máa fá pákó, àwa yòókù á máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ìyàwó alága á gbé púpurù, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, àti ọbẹ̀ ẹja wá láti ilé wọn, nítorí ilé wọn ló sún mọ́ àtíbàbà jù. Ilé náà ló sún mọ́ òkun jù pẹ̀lú. Alága fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, pákó líle láti òkè dé ilẹ̀, ó gbé e lórí òpó, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí òkun kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oko àgbọn ló wà láàárín ilé yẹn àti òkun. Bí a bá sáré láti iwájú ilé dé etí omi, a ó ti máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Igi àgbọn wọ̀nyẹn kò sí mọ́ nígbà tí mo padà sílé. Alága ti ri àwọn igi kéékèèké mọ́lẹ̀ sínú iyanrìn níbi tí oko àgbọn wà, wọ́n tò láti iwájú ilé rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ó ní kí a lè mọ bí ó ṣe ń rìn ni. "Ó" lásán ló máa ń pe òkun. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo wa á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a wò, a kò rí èyí tó sún mọ́ omi jù. Alága ní bóyá ìgbín inú omi ló jẹ ẹ́. Nígbà tí òjò fi gbára jọ, òmíràn ti lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí a rò pé omi á fà sẹ́yìn, òmíràn tún lọ. Láti ìgbà náà ni a kò ti wo ìsàlẹ̀ mọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yìn ni a ń kọ sí i.

Obìnrin kan tó ń yan ẹja ló kọ́kọ́ wá bá wa. Ó dúró lójú oòrùn, kò fẹ́ jókòó. Ó ní, "Ẹ bá mi tú ilé mi, kí òkun tó tú u."

A lọ tú u. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìṣó máa ń ké tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ nínú igi tí a wá fẹ́ yọ ọ́. Alága ló kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é: òrùlé ni kí a kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀, òpó igun ni kí a fi sígbẹ̀yìn. A fi ẹfun sàmì sára pákó kọ̀ọ̀kan, a kó wọn sínú ọkọ̀, a wà á gba ojú odò lọ sí ẹ̀yìn ìlú, a sì tò wọ́n padà síbẹ̀. Obìnrin náà dúró sínú ilé rẹ̀, ó ní kò dà bí ilé òun.

Ẹlòmíràn tún dé, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Sátidé nìkan kò tó mọ́. Kò sẹ́ni tó wá kan ọkọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ibùsùn. Olùkọ́ sọ lọ́jọ́ kan bí a ti ń jẹun pé, "Ṣé ẹ rí i pé òkun ti di ọ̀gá wa? Òun ló ń wá iṣẹ́ fún wa." A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu wa.

Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá bákan. Bí a bá ń kọjá pẹ̀lú irin tí a fi ń yọ ìṣó, ìyá á pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Ìyá arúgbó kan jáde sí wa, ó na ọwọ́ sí wa bí ẹni ń lé adìyẹ. Ó ní, "Ẹ má yà síbí o. Ibi tí ẹ bá ti yà sí, omi ń tẹ̀ lé yín débẹ̀ ni." A bẹ̀ ẹ́, a gba ọ̀nà mìíràn. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ni pé òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa padà gba ibi tí a ti tú ilé, omi ti máa ń wà níbẹ̀.

Gbogbo ilé tó wà nítòsí ilé alága ni a tú tán. Tirẹ̀ wá dá dúró.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi létí odò níbi tí mo ti ń fọṣọ. Ó wo ẹ̀yìn kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, ilẹ̀ ilé wa ń dún."

"Báwo ló ṣe ń dún, Màmá?"

"Bí ẹni ń jẹ nǹkan lábẹ́ ibùsùn." Ó di ọwọ́ mi mú. "Bàbá ń gbọ́ ọ. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Nígbà tí Sátidé dé, gbogbo wa lọ. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi òkun ń ta sí i lójú. Olùkọ́ ló sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Alága gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ ṣeun," ó wí. "Iwájú ilé yìí ni mo sin ìyá mi sí. Ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀. Ojú mi ni omi ṣe la sàréè náà, tó gbé e lọ. Ẹni tó ti gba ìyá mi lọ́wọ́ mi, ṣé kí n tún ká ilé mi fún un?"

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe òun ni a ń ká a fún. Ẹ̀yin àti Màmá ni."

"Bí mo bá kúrò, ta ni yóò máa wò ó?" Ó kọ ojú sí òkun.

Ọ̀sán tí ó ṣẹlẹ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Kò sí òjò, kò sí ìjì. Mo rántí pé àwọn ẹyẹ etí omi ti gbéra kọjá lórí wa, wọ́n ń lọ sí ẹ̀yìn ìlú, apẹja kan sì sọ pé òun kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe dákẹ́. A ń tún ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣe lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí a gbọ́ ohùn kan. Kì í ṣe etí ni a fi gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ ni. Ilẹ̀ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni omi dé.

Nígbà tí a sáré dé ilé alága, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti lọ, àtẹ̀gùn ti lọ. Ilé náà ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ pọnmi. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ojú òkun ló sì kọ sí. A gbọ́ ohùn Màmá nínú ilé: "Ẹ gbà wá o!"

A wọ́ gba inú omi lọ sí ẹ̀yìn ilé. Apẹja kan gbé àáké sókè.

"Má gé e!" atún-ẹ́ńjìnnì-ṣe ké mọ́ ọn. "Òrùlé á wó lé wọn lórí!"

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ohùn alága láti inú, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó bá ń kọ́ wa níṣẹ́. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ má fọwọ́ kan òpó igun. Ìṣó méjì-méjì ni mo kàn sí pákó ibẹ̀, ẹ wá wọn."

A ń yọ ìṣó, omi ń lù wá ní ìbàdí. Òun náà ń fi òòlù ti pákó láti inú. Bí pákó kan bá ti ṣí, á ní, "Ó dáa. Òmíràn." Nígbà tí àyè gba èèyàn, Màmá gba ibẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́. Alága kò tẹ̀ lé e. Mo yọjú wò ó. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé òpó igun, omi ti mu ún dé orúnkún.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀!"

Màmá já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, ó di etí pákó mú. "Bàbá àwọn ọmọ, bí ẹ ò bá jáde, mo ń padà wọlé."

Ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò lára òpó, ó jáde.

A kò tíì jìnnà tí ilé náà gbéra. A rò pé ó máa fọ́ túútúú. Kò fọ́. Ó léfòó tòun ti òrùlé, ó yí díẹ̀, títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀ fi kọjú sí wa, a sì rí ibùsùn wọn nínú ilé. Ó ń lọ sínú òkun. A dúró, a ń wò ó.

Alága ní, "Mo kàn án dáadáa."

Ilé ọmọ wọn ní Igbókòdá ni wọ́n ń gbé báyìí. Mo lọ kí wọn. Alága kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, kò béèrè ẹgbẹ́, kò béèrè òkun. Màmá sìn mí jáde, ó ní Bàbá kì í fọwọ́ kan igi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn dáadáa. Ilé síméńtì ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í dún, ó ní àìdún náà gan-an ni kì í jẹ́ kí ó sùn.

A gbé àtíbàbà wa lọ sí òdìkejì odò. Àwọn kan ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa, àwọn tó kù sì fi mí ṣe alága. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ ayára kan dúró létí omi wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ aṣọ funfun àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ó kí wa dáadáa, ó ní ìlú létí òkun lọ́hùn-ún ni òun ti wá.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń tú ilé?"

"Àwa ni."

"Nítorí ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ṣe wá. A kàn fẹ́ kí ẹ wá wò ó ni. Omi ṣì jìnnà sí i."

Mo bi í pé, "Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

Ó wo àwọn irin wa tó wà lórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó wí, "bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí a máa lọ báyìí."

A kó irin wa sínú ọkọ̀.