Èjìká Tí Adéfẹ́mi Gbé Ìbọn Lé

Bí ẹ bá rí Adéfẹ́mi ní Padova lọ́dún 1996, níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Yunifásítì ìlú yẹn ló ti kàwé, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Vicenza tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìgérin. Òun ló ń ya àwòrán àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó rọ wọ́n. Ìbíwùmí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìfẹ́táyọ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì ni Adéfẹ́mi máa ń lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ó di ìdí ìbọn.

Ẹ má jáyà o. Kì í ṣe ìbọn ọdẹ, kì í sì í ṣe ti olè. Bébà ni wọ́n ń yìn ín sí. Ọ̀gá àgbà kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Zanella, tó ti ṣe sójà rí, ló mú un dé ibẹ̀. Poligono ni wọ́n ń pe ibẹ̀, pápá tí ìjọba fọwọ́ sí tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Èèyàn á dùbúlẹ̀ lórí ẹní, á wo inú awò orí ìbọn, bébà tí wọ́n ya àmì roboto sí á sì wà lọ́hùn-ún, ní ọ̀ọ́dúnrún mítà. Ẹni tó bá mí sódì, ọta rẹ̀ ti ṣìnà. Ẹni tó bá ń ronú nípa ọ̀gá rẹ̀, ọta rẹ̀ ti ṣìnà.

Ohun tó mú Adéfẹ́mi fẹ́ràn ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọlọ́pàá máa ń dá a dúró ní ibùdókọ̀, wọ́n á ní kó mú documenti rẹ̀, ìwé ìdánimọ̀, wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ọmọ Italy. Obìnrin tó bá jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì á fa báàgì mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní poligono, kò sẹ́ni tó ráyè wo ojú rẹ̀. Bébà rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Bébà yẹn gan-an ló wá ń kó ìtìjú bá a. Ọta rẹ̀ kan á lọ sókè, òmíràn á yà sí ẹ̀gbẹ́, òmíràn kò tilẹ̀ ní kan bébà rárá. Adéfẹ́mi, ẹni tí kì í fi ìlà kan ṣìṣe lórí àwòrán ẹ̀rọ! Ó gbé ẹ̀bi náà ru ìbọn poligono, èyí tí gbogbo èèyàn ń lò. Ó ní ẹnu ọ̀pá rẹ̀ ti fẹ̀, ó ní igi rẹ̀ ti wọ́. Nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ ìbọn tán, ó pinnu pé òun yóò ra tòun, tuntun, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe ní pàtó fún yíyìn sí ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ ìbọn wá di oúnjẹ alẹ́ nílé wọn. Bí wọ́n bá ti ń jẹun, Adéfẹ́mi á kó ìwé àwọn tó ń ta ìbọn sórí tábìlì. Èyí nípọn lọ́pàá, kì í tètè gbóná. Tọ̀hún fúyẹ́, ó dára fún ẹni tó ń rìn nínú igbó, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yìn ín léraléra, ọ̀pá rẹ̀ á gbóná, ọta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbéregbère. Ìbíwùmí á gbọ́, á sú u.

"Bàbá Táyọ̀, ẹ ò fara balẹ̀ tó báyìí nígbà tí ẹ ń yan èmi o," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ kọ́, èmi ni wọ́n yàn," ni Adéfẹ́mi dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́táyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síbi tábìlì náà, ó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan bọ̀ ọ́ ní ọwọ́ òsì, ó sì fi okùn so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kó má bàa lè fi mú pẹ́ńsùlù. Wàyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí ọmọ náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ òsì gba bisikíìtì lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀, àwọn màmá tó wà níbẹ̀ sì pa òṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ti Adéfẹ́mi débi pé kò lè gbé orí sókè títí wọ́n fi gbàdúrà ìkẹyìn. Ọjọ́ yẹn ló dá ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí, bàbá rẹ̀ á gbá a lẹ́yìn ọwọ́, pàá. Kì í gbá a kíkankíkan. Ṣùgbọ́n kì í gbàgbé láti gbá a.

Kì í ṣe ìkà èèyàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Òun pẹ̀lú ti jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Ìyá Adùnọlá, ló fi ọ̀já so ọwọ́ náà mọ́ ọn nídìí, tó ń fi ata kùn ún, títí ọwọ́ ọ̀tún fi mọ iṣẹ́. Adéfẹ́mi máa ń fi ìtàn náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín níbi ìkómọ. Á ṣe bí ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún wá ẹran kiri inú abọ́, gbogbo ilé á sì búra pé àwọn ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí.

Maestra, olùkọ́ Ìfẹ́táyọ̀, ránṣẹ́ pè é. Ó ní ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ. Adéfẹ́mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní nílé àwọn, a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan.

"Ọmọ yìí tún ti ń tọ̀ sílé," Ìbíwùmí sọ fún un nígbà tó dé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Á mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, kò sì pa mí."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ìbọn ló wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun àti Zanella lọ sí armeria kan, ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí kò jìnnà sí poligono. Olùtajà gbé ìbọn méjì lé orí káńtà. Èkíní ní igi àwọ̀ oyin tó rẹwà bí àga ilé ọlọ́lá. Èkejì burẹ́wà, dúdú ni, ó wúwo, ọ̀pá rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n irin tí ìka ń fà níbẹ̀ mọ́ gaara: kò falẹ̀, kò há, ńṣe ló ń já bí igi ìṣáná gbígbẹ. Ojú Adéfẹ́mi wà lára èyí tó rẹwà.

"Má fi ojú yan ìbọn," Zanella sọ fún un. "Gbé e lé èjìká. Èyí tí o kò bá ní láti bá jà ni tìrẹ."

Adéfẹ́mi gbé èkejì lé èjìká ọ̀tún. Zanella wò ó, ó tún lọ wò ó láti iwájú. Ó rí i pé ńṣe ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yí ọrùn kọjá ìdí ìbọn, kí ojú òsì lè dé ibi tí awò wà. Ó ní kó gbé ìbọn sílẹ̀, kó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, kó fi ihò kékeré sílẹ̀ láàárín wọn, kó sì wo aago ara ògiri láti inú ihò náà. Lẹ́yìn náà, ó ní kó di ojú òsì. Aago náà pòórá.

"Ojú òsì ló ń ṣe ọ̀gá lára rẹ," Zanella wí. "Láti ọjọ́ yìí wá, ìbọn ò ṣẹ̀ ọ́. Mancino ni ọ́. Ọlọ́wọ́ òsì."

"Rárá," ni Adéfẹ́mi yára dáhùn. "Èmi kì í lo òsì."

Olùtajà ti wọlé lọ. Ó gbé irú ìbọn dúdú yẹn kan náà jáde, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń ti ọta wọlé wà ní apá òsì tirẹ̀. Oníbàárà kan ló ní kí ilé iṣẹ́ ṣe é fún òun, kò sì padà wá. Wọ́n gbé e lọ sí poligono láti dán an wò. Adéfẹ́mi dùbúlẹ̀, ó gbé e lé èjìká òsì, ojú sì ń tì í, ó ń wẹ̀yìn bí ẹni pé àgbà kan ń bọ̀ tí yóò gbá a lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀. Ọrùn rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó mí, ó fa irin náà, ó tún fà á.

Nígbà tí wọ́n gbé bébà dé, ìsàlẹ̀ ife kọfí kékeré lè bo gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀.

"Ta ló bà ọ́ jẹ́ tó báyìí?" Zanella bi í.

Adéfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ìyá Adùnọlá, bó ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀já àti ata, ó sì na ọwọ́ kan bí ẹni tó ń wá ẹran. Zanella kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Adéfẹ́mi gbọ́ ohun tí ẹnu òun ń sọ. Inú bí i sí obìnrin tó ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó jókòó sílé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́. Ó ra ìbọn náà, àmọ́ kò lè sọ ohun tí ẹni tó tà á fún un ń bá a sọ.

Ó délé lọ́sàn-án. Ó ti ìbọn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó wá síbi tábìlì, ó tú okùn, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sì jù ú sínú páànù ìdọ̀tí. Ìbíwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Táyọ̀ mi, bàbá ló ṣàṣìṣe," ó wí. "Ọwọ́ tó bá wù ọ́ ni kó o fi kọ̀wé. Èyí ò burú. Òun ni bàbá náà ń lò ní kékeré."

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ itan.

"Mú pẹ́ńsùlù, ọmọ mi. Kọ orúkọ rẹ."

Ó pẹ́ kó tó mú un. Ó fi òsì mú un, lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, èkejì kò jọ nǹkan kan. Pẹ́ńsùlù bọ́ sílẹ̀.

"Non è più capace, papà," ló sọ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ náà kò lè ṣe é mọ́.

Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn, pàá, ó tún gbá a, ojú rẹ̀ sì wà lára bàbá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó.