Kóńgò Tí Àǹtí Mi Gbé Lọ sí Ọjà Orí Òkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ohùn ọ̀pọ̀lọ́ ṣì pọ̀ ju ti mọ́tò lọ ní Ìkòsì wa níbí, àbúrò ìyá mi máa ń mú mi dání lọ ra ẹ̀wà ní ìlú wọn, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Èkìtì. Ìsàlẹ̀ òkè ni ọkọ̀ ń já wa sí, a ó sì fẹsẹ̀ gun ìyókù. Bí mo bá ráhùn, àǹtí mi á ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi rù bó bá ń dùn mí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀, ẹ̀yìn òkè ni wọ́n ti ń bọ̀, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Kóńgò tí àlejò bá gbé wá ni wọ́n fi ń wọn ọjà fún un, torí wọn kì í ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Àṣé àǹtí mi ti ní kí alágbẹ̀dẹ lu ìdí kóńgò tiẹ̀ síta, kó lè máa gba ẹ̀wà sí i. Ìyá kan wọn ẹ̀wà fún un títí, àpò rẹ̀ gbẹ kí àsìkò tó tó, ó sì bú sẹ́kún. Inú ṣì ń bí mi sí ẹkún yẹn.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí àǹtí mi gan-an, ni olórí àwọn ẹlẹ́wà. Wọ́n ní kí wọ́n gbé kóńgò ọjà wá, wọ́n bu ẹ̀wà kún un, wọ́n dà á sínú ti àǹtí mi. Kò kún. Àǹtí mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí.” Wọn ò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n kọjú sí àwọn ẹlẹ́wà.

“Èmi ni mo bí i. Ẹ má tà fún un mọ́.”

A dá ẹ̀wà padà, a sì gbé àpò òfìfo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Ẹ wá wo Mile 12 lónìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ ra ìrẹsì, mo tọwọ́ bọ inú kóńgò, ìdí rẹ̀ ti wú sókè. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń tà á fi òmíràn wọ̀n ọ́n.

“Daddy, ẹ má bínú, bí gbogbo ọjà ṣe rí nìyẹn.”

Mo yíjú sí ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í, mo rò pé yóò bá a wí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ọmọ mi gbọ́n, àbí? Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Jìbìtì ti wà tipẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o, àgbà fúnra rẹ̀ ló ń mú kó wọ́.